Lésà ni àbí próksí? Sẹ́ńsọ̀ tẹ́ ẹ máa rà láti fi mọ phase ẹ̀rọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra mítà tó ń wọn bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n, tẹ́ ẹ wá rí i pé kò lè bá yín bálàǹsì fáànù láìsí sẹ́ńsọ̀ kejì, ẹ gbọ́ kẹ́ ẹ tó náwó. Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ yẹn ò ju kó ta mítà lólobó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ṣáfùtù bá ti yípo lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni mítà ti máa mọ phase, ìyẹn igun tí gbígbọ̀n yẹn bọ́ sí lára ṣáfùtù, tó máa fi mọ apá ibi tó wúwo. Ẹ̀rọ tó bá ń sáré 1500 rpm, ìgbà 25 ni ní sẹ́kọ́ńdì kan.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ oríṣiríṣi lẹ̀ ń tún ṣe kiri, lésà ni kẹ́ ẹ rà, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ oníná tó ń rí nǹkan dídán. Ẹ ò ní gbẹ́ nǹkan kan sára ẹ̀rọ, téèpù dídán kékeré lẹ máa lẹ̀ mọ́ ṣáfùtù, ó parí. Wàhálà téèpù yẹn ló wà ńbẹ̀ o. Mo ti lẹ̀ ẹ́ rí mọ́ ṣáfùtù tí mo rò pé mo ti nu epo ara ẹ̀ tán, fáànù ò tíì sáré dáadáa tó fi fò lọ, la bá tún pa ẹ̀rọ, a dúró títí kó fi dákẹ́ (fáànù ńlá kì í tètè dúró), mo wá fi spirit nù ún, mo lẹ òmíì, àmọ́ kì í ṣe ojú ibi tí ti tẹ́lẹ̀ wà ni mo lẹ̀ ẹ́ sí, gbogbo phase tí mo ti kọ sílẹ̀ di òfo. Ẹ fi máákà sàmì síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ nǹkan kan. Tí ṣáfùtù bá ń dán, ẹ fi ọ̀dà dúdú kùn ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mítà á máa ka dídán ara ẹ̀ mọ́ téèpù.

Ẹ̀rọ tó bá jókòó síbì kan, tí eruku àti epo ò yé bò, próksí (sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ tí irin bá sún mọ́ ọn) ló bá a mu, irin ló ń rí, ìdọ̀tí ò kàn án. M12 tó wọ́pọ̀ (èyí tí ara ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 12), mìlímítà 2 sí 4 ló ń rí, ìdí nìyẹn tí bírákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò fi gbọdọ̀ mì rárá. Tó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ṣáfùtù (irin kékeré tó yọ síta lára ẹ̀) ló máa kà, ẹ fọwọ́ yí ṣáfùtù títí kọ́kọ́rọ́ á fi kọjú sí i kẹ́ ẹ tó wọn àlàfo. Tó bá jẹ́ kòtò ara ṣáfùtù ló máa kà, ibi tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lódì, orí sẹ́ńsọ̀ ló máa fọ́.

Pikọ́ọ̀pù olóòfà (sẹ́ńsọ̀ tó ń fi òòfà mọ̀ tí irin bá kọjá) bíi ti ara jẹnẹrétọ̀ ò gbowó lórí, kò sì nílò iná, àmọ́ tí ẹ̀rọ bá rọra ń yí, kò ní fọhùn, eyín flywheel tó sì máa ń kà pọ̀ jù fún phase. Irú próksí tí wọ́n ń fi sára tọ́báìnì, tó ń lo −24V, owó ẹ̀ kì í ṣe ti fáànù.

Ẹ bi mítà yín bóyá PNP (tó ń fi pọ́sítíìfù ránṣẹ́) ló ń gbà tàbí NPN (tó ń fi nẹ́gétíìfù ránṣẹ́) kẹ́ ẹ tó sanwó próksí. Wáyà búráùn ni pọ́sítíìfù, búlúù ni nẹ́gétíìfù, dúdú ló ń lọ sínú mítà.