Okùn wo, ríìlì wo? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ fi ọ̀pá pẹja lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́

Ṣé orí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nìkan lẹ ó ti máa pẹja, àbí ẹ ó máa dé Kútọnu, níbi tí adágún Nokoué ti ń tú sínú òkun? Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn kí ẹ tó yọ sẹ́fà lápò, torí omi wa kì í rí bákan náà jálẹ̀ ọdún. Tí odò Ouémé bá kún ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, omi aláìníyọ̀ ló ń gba gbogbo ibẹ̀. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi òkun á tún padà wọlé. Iyọ̀ rẹ̀ ló ń pa ríìlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí à ń wé okùn mọ́ lára ọ̀pá.

Okùn

Mo fi okùn ṣáájú torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣahun lẹ́yìn tí wọ́n ti ná owó tán sórí ríìlì. Náílọ́ọ̀nù kò wọ́n, kókó rẹ̀ rọrùn láti ta, ó sì ń nà. Nínà yẹn wúlò nígbà tí ẹja ńlá bá já lójijì. Àmọ́ tí ọ̀bọ̀kún bá rọra fẹnu tọ́ ìjẹ wò lọ́nà jíjìn, ọwọ́ yín lè má mọ̀ rárá.

Okùn híhun kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ nà, ìka yín á gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó tún tín-ín-rín: èyí tó lè gbé kílò 9 lè má ju 0.23 mm lọ, nígbà tí náílọ́ọ̀nù tó lágbára bẹ́ẹ̀ á sún mọ́ 0.40 mm. Ìdí nìyẹn tí jíjù rẹ̀ fi ń lọ jìnnà.

Ṣùgbọ́n akájà, ìyẹn igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè kó sábẹ́ rẹ̀, lè wà nínú omi wa. Igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yẹn, pàápàá tí ìkarahun bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, á gé okùn híhun bí abẹ. (Akájà lólówó o. Ẹ má ju ìwọ̀ sínú ti ẹlòmíràn.) Èyí tí mo fara mọ́ ni okùn híhun kílò 7 sí 9 lórí ríìlì, kí ẹ wá so náílọ́ọ̀nù kílò 13, tó gùn tó apá méjì, mọ́ iwájú rẹ̀. Ẹ wé náílọ́ọ̀nù díẹ̀ sísàlẹ̀ ríìlì ṣáájú, kí okùn híhun má bàa máa yọ̀ lórí irin. Ti kúta yàtọ̀; wáyà ni ẹ ó fi síwájú, torí eyín rẹ̀ kò mọ okùn kankan.

Ríìlì

Bí nọ́ńbà ríìlì bá ṣe ga tó ló ṣe tóbi tó. Nọ́ńbà 2500 tó fún ẹ̀pìyà àti ọ̀bọ̀kún. Fún ẹnu òkun ní Kútọnu, ẹ mú 4000. Ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan péré, kó mú 3000.

Oníke kì í dógùn-ún lóde, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ bí ẹja bá fà, jíà inú rẹ̀ á sì máa jẹra. Nínú àwọn onírin, ẹ wo Penn Battle III àti Spinfisher VI. Bíréèkì kábọ́ọ̀nù HT-100 ló wà nínú méjèèjì; bíréèkì ló ń di okùn mú bí ẹja bá ń fà á. Spinfisher ní rọ́bà tó ń dínà omi, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ IPX5: omi tó ta sí i lára kò ní wọlé, àmọ́ ẹ kò gbọ́dọ̀ rì í bọ omi. Battle kò wọ́n tó o. Bí orí èbúté lẹ ti ń pẹja, Battle tó yín. Bí inú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń bù lù ni, ẹ fowó kún un.

Iye béárìn tí wọ́n kọ sára páálí kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fún bíréèkì díẹ̀, kí ẹ fa okùn: bó bá ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dáa, bó bá ń dì, tó ń já, ẹ dá a padà. Ẹ fi ìka yí kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà kọjá lára wáyà tó ń ṣí tó ń padé lẹ́nu ríìlì. Bí kò bá yí, yóò jẹ okùn yín.

Lórí omi, ẹ fún bíréèkì okùn kílò 9 sí nǹkan bíi kílò 3. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fún un pinpin, ẹ wọ́n omi aláìníyọ̀ sí ríìlì náà lára, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì tú bíréèkì rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kọ́.