Àgbéyẹ̀wò: Mo san owó kí wọ́n lè bi mí ní ìtàn ara mi, ní Ìjẹ̀bú-Òde

Kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí kí ẹ tó máa wá a nísàlẹ̀: apá kan ṣoṣo nínú ètò yìí ló tó owó tí mo san, apá náà sì ju owó ọ̀hún lọ. Ìyókù, ẹ lè ṣe é nílé pẹ̀lú bébà àti bírò.

Kíláàsì ọjọ́ Sátidé ni, ní gbọ̀ngàn kékeré kan tí kò jìnnà sí ọjà Òkè-Ajé. ₦25,000 ni wọ́n ń gbà, oúnjẹ ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa ran èèyàn lọ́wọ́ láti tú ìtàn ayé ara rẹ̀ wò, kó fi mọ ohun tí kò lè fi ṣeré láyé, kó sì tibẹ̀ mọ ọ̀nà tó kàn. Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì kàn ń yọ́ wọlé bó ṣe máa ń ṣe. Àwa tí a wá kò jọra rárá: ìyàwó pásítọ̀ kan láti Ìpẹru, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àgùnbánirọ̀ kan tó ń sìnlú ní Ṣàgámù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè, àti èmi tí mo ń ta aṣọ.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò le. Léèsì àti àǹkárá ti wọ́n kọjá àfẹnusọ, ọjà ò sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìgbà Ojúde Ọba nìkan ni ọwọ́ mi máa ń dí, nígbà tí àwọn régbérégbé bá ń wá aṣọ tí wọn yóò jọ wọ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Tí ìyẹn bá kọjá, ìjókòó ni. Àbúrò mi obìnrin ní kí n máa kó bọ̀ ní Èkó, ká yá owó, ká gba ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ọkọ mi ní kí n fara balẹ̀. Èmi náà ò mọ èwo ni kí n gbà.

Igi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù ya igi sórí bébà fífẹ̀: gbòǹgbò ni ibi tí a ti ṣẹ̀ wá, ilẹ̀ ni ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́, ìtì igi ni ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe àti ohun tí a kà sí, ẹ̀ka ni ìrètí, ewé ni àwọn èèyàn wa, èso ni ohun rere tí ẹlòmíràn ti ṣe fún wa. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni ọ̀nà yìí ti jáde. Ncazelo Ncube, ọmọ Zimbabwe tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti David Denborough ará Ọsirélíà ni wọ́n jọ gbé e kalẹ̀ fún àwọn ọmọdé tí àrùn éèdì pa òbí wọn. Wọ́n rí i pé tí ẹ bá ní kí ọmọ máa ròyìn ìyà tó jẹ ẹ́ nígbà tí kò tíì ríbi dúró sí, ìyà ọ̀hún ni yóò tún jẹ. Igi yẹn ni ibi ìdúró. Ó dìgbà tí igi gbogbo yín bá wà lára ògiri, tó di igbó, kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu kan ìjì, ìyẹn wàhálà tó ti dé bá yín.

Tiwa ò dúró di igbó. Igi díẹ̀ ṣì ni wọ́n tíì lẹ̀ mọ́ ògiri tí obìnrin tó ń darí wa fi bi ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tó dùn ún jù láyé. Ọmọ náà bú sẹ́kún, kò dákẹ́ títí ìyàwó pásítọ̀ fi fà á lọ́wọ́ jáde. Mi ò fẹ́ràn ìyẹn rárá. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn kò yẹ kó máa tú egbò tí kò lè dì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wúwo, kó má wá síbí. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ti wà láti 1954, kì í sì í ṣe ẹni tó ń jà kiri ìgboro nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn níbẹ̀, ohun yòówù kí ará ilé yín máa rò.

Káàdì ló tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ ohun kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: òótọ́, ẹbí, owó, òmìnira, ọ̀wọ̀, ìgbádùn, Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a ṣà wọ́n sọ́tọ̀, kí a máa dín wọn kù títí yóò fi ku márùn-ún. Kí lẹ rò pé a mú? Gbogbo wa la mú Ọlọ́run, ẹbí àti òótọ́. Nínú gbọ̀ngàn tó kún fún ọmọ Ìjẹ̀bú, kò sẹ́ni tó mú owó! Àbí ta ni yóò jókòó ti ìyàwó pásítọ̀, tí yóò fi káàdì Ọlọ́run sílẹ̀, tí yóò nawọ́ sí ti owó? Bàbá tíṣà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá jẹ́ pé bí káàdì ṣe wí lọ̀rọ̀ rí, àwọn wo ló wá ń náwó lóde àríyá ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀?

Ẹ̀kọ́ tó wà nídìí ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn sì dára ju bí wọ́n ṣe lò ó lọ. Mo lọ kà á fúnra mi lẹ́yìn náà. Shalom Schwartz, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Jerúsálẹ́mù, kọ ọ́ ní 1992 pé ohun tí àwa èèyàn kà sí láyé pín sí ọ̀nà 10, ó sì tò wọ́n yípo. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń bá ara wọn rìn, àwọn tó kọjú síra ń figa gbága. Ààbò àti àṣà wà lápá kan. Ìdáṣe ara ẹni àti wíwá ohun tuntun wà lódì kejì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ èmi àti Èkó wà. Mo fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀, mo sì fẹ́ dá nǹkan ńlá ṣe, káàdì méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé èwo ni màá jù sílẹ̀ tí wọ́n bá kọlu ara wọn.

Wàyí o, apá tí mo ń yìn.

Wọ́n pín wa sí mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n fún wa ní ìbéèrè tí a ó máa bi ara wa. Ọ̀dọ̀ Mark Savickas, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí iṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ta lẹ fẹ́ dà bí, yàtọ̀ sí òbí yín? Ètò wo lẹ kì í fẹ́ kó fò yín lórí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n? Ìtàn wo lẹ fẹ́ràn jù? Ọ̀rọ̀ wo lẹ fi ń gba ara yín níyànjú? Àwọn nǹkan wo ló pẹ́ jù tí ẹ ṣì rántí ní kékeré? Kí ẹ sì fún ìrántí kọ̀ọ̀kan ní àkọlé bíi ti ìwé ìròyìn, kí ẹnì kan máa ṣe nǹkan nínú àkọlé náà.

Mo sọ ti Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí ìyá ìyá mi ti ń yan gàrí. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń dá èsúsú, èmi ni wọ́n máa ń fi ti owó nígbà tí wọ́n bá lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Àkọlé mi: “Ọmọdé Jókòó Ti Owó Àgbà, Kò Sùn.” Mo sọ ti ilé ìwé, nígbà tí èmi ni tíṣà ní kí n máa gba owó ìdánwò lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo sọ ti ọdún tí akápò régbérégbé wa kú lójijì, tí ìwé owó dàrú, tí mo gbé ìwé náà lé orí tábìlì lálaalẹ́ títí mo fi mọ ibi tí náírà kọ̀ọ̀kan wọlé sí. Lójú tèmi, mo kàn ń pa ìtàn ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n dákẹ́. Àwọn méjì tó gbọ́ mi yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ yìn mí, wọn ò gbọdọ̀ gbà mí nímọ̀ràn. Kí wọ́n sọ ohun tó gbà wọ́n lọ́kàn, àti ohun tó rán wọn létí nínú ayé tiwọn. Michael White, olùtọ́jú ọkàn ará Ọsirélíà, ló sọ èyí di ara iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú un lára ìwádìí Barbara Myerhoff, obìnrin onímọ̀ nípa àṣà tó jókòó láàárín àwọn Júù arúgbó ní Venice, Califọ́níà, tó sì rí bí wọ́n ṣe ń wá gbogbo ọ̀nà kí ẹlòmíràn lè rí irú èèyàn tí àwọn jẹ́.

Àgùnbánirọ̀ yẹn ló yíjú sí bàbá tíṣà. Ó ní, “Bàbá, ẹ ò rí i pé nínú gbogbo ìtàn tí mọ́mì yìí sọ, owó tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe tiwọn?”

Bàbá ní, “Mo rí i. Àwọn olówó náà ò sì bojú wẹ̀yìn. Wọ́n lọ síbi iṣẹ́ wọn.”

Ọmọ náà wá sọ pé ìyá òun fi owó pamọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan rí, kò rí i gbà padà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n òun ò fi parí ilé ìwé. Ó ní òun ti ń wo ọwọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ wọn, wọn ò gbà. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó wí irú rẹ̀ fún mi rí. Ará ilé ò lè wí i: lójú ọkọ mi, èmi ni mo kàn máa ń ṣírò owó jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa sọ pé àṣà àjèjì nìyí, ẹ rántí oríkì. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kì wá ní ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ẹlòmíràn ló sì ń kini. Àmọ́ gbogbo wa la jọ ni oríkì ìlú. Èyí tí àgùnbánirọ̀ yẹn sọ, èmi nìkan ló bá.

Ibi tí èmi àti olùdarí kò ti rẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ńlá. Ó mú Awólọ́wọ̀ wá, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909, tó ṣe tíṣà, tó ṣe akọ̀wé, tó ṣe oníròyìn, tó ra irè oko tà, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, kó tó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ó mú Hubert Ogunde ọmọ Ọ̀sọ́sà wá, tó ṣe tíṣà, tó sì ṣe ọlọ́pàá kó tó fi eré ìtàgé ṣiṣẹ́ jẹun. Ó ní okùn kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti kékeré. Èmi ò gbà. Lọ́jọ́ tí Ogunde wà nínú aṣọ ọlọ́pàá, ta ló lè wo ìtàn rẹ̀ kó ní tíátà ló kàn? Ẹ̀yìn ni okùn ti ń hàn. Ẹni tó bá ń fi dandan wá okùn kan ṣoṣo, yóò gé ohun tí kò bá a mu dànù. Èmi náà ní ìtàn kan tí kò bá ti olùtọ́jú owó mu: mo dìde lọ́jọ́ kan, mo kó gbogbo owó ara mi, mo gba Kútọnu lọ lọ ra aṣọ, mi ò sọ fún ẹnì kankan, inú mi sì dùn débi pé mo ń kọrin nínú ọkọ̀. Níbo la fẹ́ ki ìyẹn sí?

Ẹ máa bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mi ò lọ Èkó. Owó tí àbúrò mi fẹ́ ká yá yẹn, owó olówó ni, mi ò sì fi owó olówó ta tẹ́tẹ́ rí. Mo gbà láti ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọjà wa, ipò tí wọ́n ti fi ń lọ̀ mí tipẹ́. Ohun tí wọ́n ń san níbẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà mo ṣì ń ta aṣọ. Àbúrò mi ṣì ń bínú. Ọ̀rọ̀ Kútọnu náà ṣì wà nílẹ̀, mi ò tíì dá a lóhùn.

Àwọn nǹkan kéékèèké: jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ wọn dáa, ẹja pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ní ₦4,000, ẹ má rà á. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn á pè wá láti mọ bó ṣe ń lọ, mi ò gbúròó ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ ń wá lójú méjèèjì, ẹ fi ₦25,000 yín ra oúnjẹ. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín tí ẹ ò mọ èyí tí ẹ máa tọ̀, ẹ lọ, àmọ́ ẹ má mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ dání. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá apá tí wọ́n ti ń ní kí ẹ dákẹ́ kí àwọn méjì máa sọ̀rọ̀ yín ṣì wà níbẹ̀, torí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò kí kíláàsì lè tètè parí.