Sítíkà 3M 2080 lára Mustang mi: oòrùn Ìlọrin ti dán an wò

Bí ẹ bá ní Mustang, Camaro tàbí Challenger, tí ẹ sì ń gbé Ìlọrin, ẹ má tíì dá àwọn tó ní kí ẹ gé sípíríǹgì ọkọ̀ kúrú lóhùn. Ọ̀nà wa ò gbà á. Bọ́ǹpù tó wà ládùúgbò kan ṣoṣo tó láti ha ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà. Sàléńsà onígbe náà lè dúró ná, nítorí àwọn àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́ tó wà lágbo ilé. Ohun tí màá kọ́kọ́ ní kí ẹ fi owó yín ṣe ni ìlà méjì tí wọ́n máa ń fi sítíkà fà láti imú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín ṣe é nílé. Ó ń yí ojú ọkọ̀ padà pátápátá, kò kan ẹ́ńjìnnì, kò kan bíréèkì, ọjọ́ tó bá sú yín, ẹ lè bó o kúrò.

Sítíkà tí mo lò ni 2080 tí ilé-iṣẹ́ 3M ń ṣe, dúdú tí kì í dán, èyí tí wọ́n ń pè ní M12. Mustang GT ọdún 2015 ni ọkọ̀ mi, tòkunbọ̀, pupa fòò, ẹ́ńjìnnì V8 lítà márùn-ún, agbára ẹṣin 435. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe l'Ádéwọlé, èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi la sì lẹ̀ ẹ́ fúnra wa. Kò sẹ́ni tó fún mi lówó láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Sítíkà náà ti la ọyẹ́ kọjá, ó ti la ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, mo ti wa ọkọ̀ náà lọ sí Ọ̀fà, mo ti wà á dé Òmù-Àrán, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún un.

Ìlà méjì yìí ní ìtàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí Briggs Cunningham, ọmọ Amẹ́ríkà, ń kó ọkọ̀ ìdíje rẹ̀ lọ sí Le Mans nílẹ̀ Faransé, funfun ni wọ́n kun àwọn ọkọ̀ náà, wọ́n sì fa ìlà búlúù sí wọn lára. Mustang fúnra rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1964. Ní 1965 ni Carroll Shelby, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ọkọ̀ ìdíje, gbé GT350 jáde, Mustang funfun tó ní ìlà búlúù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà nígbà tí wọ́n ní kí n ya iná tó ń jó sára ilẹ̀kùn. Ìlà ló bá irú ọkọ̀ yìí mu.

Ọ̀rọ̀ ike tí wọ́n fi ń ṣe sítíkà gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí òun làwọn tó ń ta sítíkà kì í sọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Èyí tí wọ́n ń pè ní calendered, róólà ńlá ni wọ́n fi ń tẹ ike gbígbóná títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n fà á kó tó dé ibi tó dé, nítorí náà, bí oòrùn bá ti ń pa á lójoojúmọ́, á máa sún kì padà. Èyí tí wọ́n ń pè ní cast, wọ́n da ike tó ti yọ́ sórí ìwé ni, ó gbẹ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fà á. Ó fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ń tẹ̀ lé ìkọ́rọ́ ara ọkọ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì. Cast ni 2080. Ní Tankẹ́, mo rí Camaro funfun kan tí wọ́n fi ti olówó pọ́ọ́kú fa ìlà sí. Etí sítíkà náà ti sún wọlé lọ́tùn-ún lósì, ó fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀ síta, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù náà títí ìlà dúdú fi ní ìlà pupa wẹẹrẹ létí. Ọkọ̀ tó rẹwà tó báyẹn! Ó dùn mí. Ẹni tó tà á fún un kò sọ fún un pé oríṣi méjì ló wà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìwọ̀n, ibẹ̀ ni owó ń bá lọ. Ìbú sítíkà náà jẹ́ mítà 1.52. Mo fẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ṣùgbọ́n 25 ni mo gé e, kí ìgbálẹ̀, ìyẹn àlékún tí a máa gé kúrò tó bá yá, lè wà ní sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Aránṣọ kì í gé nǹkan láìní ìgbálẹ̀. Mẹ́fà ló jáde nínú ìbú yẹn, sẹ̀ǹtímítà méjì péré ló ṣẹ́ kù. Ní mítà méjì gígùn, méjì àkọ́kọ́ gbé bọ́ńẹ́ẹ̀tì àti bọ́ńpà iwájú, méjì gbé òrùlé, méjì tó kù gbé búùtù àti bọ́ńpà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sáàárín ìlà méjèèjì, ìgbálẹ̀ wọn á kan ara wọn, kò ní gun ara wọn. Ẹni tó tà á fún mi fẹ́ kí n ra mítà márùn-ún, ó ní gígùn ọkọ̀ náà ló tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, Mustang gùn tó mítà 4.78, ṣùgbọ́n ta ló ń tẹ́ aṣọ ní ẹyọ kan láti orí dé ẹsẹ̀? Mítà méjì ààbọ̀ ni mo rà, mo fi ààbọ̀ yẹn pa mọ́ nítorí ohun tó bá ṣèèṣì bàjẹ́. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́, ó wọ́n ju ti ọjà lọ dáadáa. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí ẹ wọn ọkọ̀ kí ẹ tó lọ rà á.

Àkókò tí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì ju mímọ̀-ọ́n-ṣe lọ. Nǹkan bí ìwọ̀n 16 sí 32 Celsius ló yẹ kí ara ọkọ̀ wà nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ro ìyẹn sí oṣù kẹta n'Ílọrin, nígbà tí atẹ́gùn lásán ń ju 35 lọ lọ́sàn-án, tí ọwọ́ ò ṣeé gbé lé bọ́ńẹ́ẹ̀tì tó wà lóòrùn. Ike á rọ̀ jù, gọ́ọ̀mù á gbá ara ọkọ̀ mú kí ẹ tó tò ó tán. Ìgbà ọyẹ́ náà ò dáa: ara ọkọ̀ á tutù láàárọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku ò ní jẹ́. Ìgbà òjò ló dáa jù, láàárọ̀ kùtù, lábẹ́ òrùlé, lọ́jọ́ tí òjò ti rọ̀ mọ́jú tí eruku ti wọlẹ̀. Oṣù keje la ṣe tiwa. A wọ́n omi sílẹ̀, a ò tan fáànù. Mo ní kí àwọn ọmọṣẹ́ mi bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n wọ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, torí òwú wẹẹrẹ tó máa ń wà lára aránṣọ, ẹyọ kan bó bá bọ́ sábẹ́ sítíkà, ẹ ó máa rí kókó rẹ̀ títí ẹ ó fi bó o.

Ọṣẹ àti omi lẹ máa kọ́kọ́ fi fọ ọkọ̀. Bó bá gbẹ, ẹ fi isopropyl alcohol, irú ẹ̀mí ọtí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, èyí tó jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, nù ún. Ẹnì kan ní kí n fi pẹtiróòlù nù ún. Rárá o. Òróró rẹ̀ kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú, tíínà ní tiẹ̀ sì máa jẹ ọ̀dà ọkọ̀.

Mo fi téèpù ìwọnṣọ wọn bọ́ńẹ́ẹ̀tì láti etí kan dé èkejì, ní iwájú, ní àárín àti ní ẹ̀yìn, mo sàmì sí ìdajì rẹ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí nínú fídíò sábà máa ń fi òòfà di sítíkà mú kó má baà yẹ̀. Lórí Mustang 2015, òòfà á yọ̀ bọ́ sílẹ̀ ni, torí alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe bọ́ńẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà iwájú rẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Òrùlé rẹ̀ ni òòfà lè mú. Pépà téèpù tí àwọn oníkùn ń lò ni kí ẹ rà fún bọ́ńẹ́ẹ̀tì, kò wọ́n, kì í sì í fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni téèpù olówùú tí wọ́n ń pè ní Knifeless, 3M náà ló ń ṣe é. Téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òwú kan tó yi gan-an wà láàárín rẹ̀. Ibi tí etí ìlà máa wà lẹ máa lẹ téèpù náà mọ́ kí ẹ tó tẹ́ sítíkà lé e lórí. Tí ẹ bá ti tẹ sítíkà mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ di orí òwú náà mú, ẹ ká a padà sẹ́yìn kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sórí ike, ẹ wá máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ike á máa là bí òwú ṣe ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ṣẹẹẹ, etí ìlà á sì jáde ní gígún régé láìsí pé bíléèdì kan ọ̀dà ọkọ̀. Ọmọṣẹ́ mi tó kéré jù ló fa ti apá ọ̀tún, láti imú bọ́ńẹ́ẹ̀tì dé ẹsẹ̀ gíláàsì, kò dúró, kò mí. Nígbà tó fà á tán, ó ní, "Àǹtí, kò já!" Láti kékeré ni mo ti ń lo àlùmọ́gàjí, mi ò tíì rí ohun tó ń gé nǹkan gún tó yẹn. Owó téèpù yìí kì í ṣe owó tí ẹ máa fi pamọ́. Ẹni tó bá fi bíléèdì gé sítíkà lórí òrùlé, ojú ibi tó gé yẹn ni ìpẹtà máa gbà wọlé.

Gọ́ọ̀mù 2080 ní ojú ọ̀nà wínníwínní tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kì í sì í mú gírígírí títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí àyà já wa: bó bá wọ́, a ó gbé e sókè, a ó tún un tò. Láti àárín síta ni kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí tó kọ̀ tí kò jáde, abẹ́rẹ́ ni mo fi gún un, mo fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ jáde. Bọ́ńpà ló le jù, nítorí ó kọ́rọ́. Bí aṣọ tí a gé ní dídábùú ni sítíkà ṣe ń ṣe níbẹ̀, bí ẹ bá fà á jù, á fà padà lẹ́yìn yín. Ẹ fi ooru mú un rọ̀, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ jókòó, kí ẹ wá fi heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná jáde, lé gbogbo etí rẹ̀ títí á fi gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 95 Celsius. Ooru ìkẹyìn yìí ni kì í jẹ́ kó rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun kì í gbóná tó. Heat gun sì ń jẹ iná tó tó wáàtì 1,500 sí 2,000, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e láé. Ti ṣọ́ọ̀bù mi, tó ń gbé áyọ́ọ̀nù, la tàn.

Ibi tí sítíkà náà ò ti tẹ́ mi lọ́rùn wà. Èyí tí kì í dán máa ń gba ọ̀rá ọwọ́. Lọ́jọ́ dọ́bà Iléyá, mo gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn ọmọdé ń fọwọ́ pa bọ́ńẹ́ẹ̀tì, inú mi dùn sí wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ipa ọwọ́ wọn ló hàn lórí ìlà dúdú. Ọṣẹ àti omi ló yọ ọ́. Kò ṣeé fi pólíìṣì dán, kò ṣeé fi wáàsì pa. Oje mángòrò àti ìgbẹ́ ẹyẹ gbọ́dọ̀ kúrò kíákíá kí oòrùn tó sè é mọ́ ọn, nítorí náà mo ti gbé ọkọ̀ mi kúrò lábẹ́ igi. Ní ibi ìfọkọ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ti ẹnu páìpù olómi lílé mọ́ etí rẹ̀. Òkúta wẹẹrẹ ojú ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo ti ha imú bọ́ńpà díẹ̀, ṣùgbọ́n sítíkà ló ha, ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò mọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn tó ṣe é fúnra wọn, ọdún tí wọ́n ń fọwọ́ sí fún orí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, òrùlé àti búùtù kéré sí ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, nítorí òkè ni oòrùn ń pa jù.

Ìwé ọkọ̀ mi ṣì ń pè é ní pupa, pupa náà ló sì jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi sítíkà bo gbogbo ọkọ̀ kó di àwọ̀ mìíràn, kó lọ tún àwọ̀ inú ìwé rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó dá a dúró lójú pópó.

Bí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, tí kò dá yín lójú bóyá cast ni lóòótọ́, ẹ ní kó fún yín ní ègé tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù àlòkù kan, ẹ fi bíléèdì gé àgbélébùú kékeré sí àárín rẹ̀, ẹ wá gbé e sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ojú ibi tí ẹ gé bá ń là sí i lójoojúmọ́, ike náà ń sún kì nìyẹn. Ẹ dá a padà fún un, ẹ má gbé e sórí ọkọ̀ yín. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì pa dé bí ẹ ṣe gé e, ẹ san owó rẹ̀.