Iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀: ká wo àkọsílẹ̀ ni, àbí ká bi wọ́n?

Ọ́fíìsì ìṣètò yunifásítì máa ń béèrè rẹ̀ lọ́dọọdún: ṣé ká fi iye àwọn tó wọlé tẹ́lẹ̀ ṣírò iye tó ń bọ̀, àbí ká fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà?

Ní ti owó, àkọsílẹ̀ ló rọrùn. Ó ti wà nílẹ̀. Ẹnì kan tó mọ Excel lò dáadáa lè parí iṣẹ́ náà. Ìwé ìbéèrè ń gba owó àti àkókò.

Ewu ibẹ̀ ló yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa. Àkọsílẹ̀ gbà pé ọ̀la á jọ àná. Àmọ́ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá 2022, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, sì ṣí ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó tí kò ní èlé ní oṣù Karùn-ún 2024. Àkọsílẹ̀ ọdún wo ló fẹ́ sọ ohun tí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ máa ṣe sí ìpinnu ọmọ tálákà?

Ìwé ìbéèrè náà ní àléébù tirẹ̀. Àwọn tó ní dátà lórí fóònù ló ń fèsì jù, “mò ń bọ̀” kò sì tíì di owó ìgbàwọlé. (Èmi kì í gbà á gbọ́ tán.)

Bí owó ilé-ìwé àti ìrànwọ́ kò bá yí padà, ẹ lo àkọsílẹ̀. Bí owó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, tí ẹ̀yáwó tuntun dé, tàbí tí ẹ̀ka náà kò tíì ní àkọsílẹ̀ rárá, ẹ bi wọ́n.