Kílíníìkì tó bi àbúrò mi léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀

Ó ti pẹ́ tí wárápá ti ń gbé àbúrò mi ṣánlẹ̀. Télọ̀ ni, ní Ìkéré. Lọ́dún tó kọjá, ó pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tì. Aṣọ ẹbí oníbàárà wà nílẹ̀ láìgé, iyán tí mo bá gbé fún un á tutù síwájú rẹ̀. Níbi tí a ti ń gba oògùn tẹ́lẹ̀, ìbéèrè wọn kò ju "Ẹ̀ẹ̀melòó ló gbé e lóṣù yìí?" lọ.

Kílíníìkì tí a wá ń lọ ní Adó yìí yàtọ̀. Kí a tó rí dókítà, nọ́ọ̀sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í ní ìbéèrè 6 péré nípa ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá: ṣé gbogbo nǹkan ń ni ín lára, ṣé nǹkan ṣì ń dùn mọ́ ọn, ṣé ó ń ṣe é bíi pé ikú sàn jù? Àbúrò mi ní lójoojúmọ́ ni. Èmi tí mò ń fọ aṣọ rẹ̀, mi ò mọ̀.

Dókítà ní ìsoríkọ́ ni, pé ó máa ń bá wárápá rìn gan-an, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ó ní phenobarbital, oògùn wárápá tó ń lò bọ̀, lè dá kún un. Kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, torí béèyàn bá dá oògùn wárápá dúró lójijì, ó lè máa gbé e léraléra. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dín in kù bó ṣe ń fi carbamazepine, oògùn wárápá mìíràn, rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ sertraline, oògùn ìsoríkọ́. Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ti sọ fún mi lọ́jà pé oògùn ìsoríkọ́ máa ń jí wárápá dìde. Ó ní òótọ́ ni fún àwọn kan, bíi bupropion àti clomipramine, ṣùgbọ́n eléyìí kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n fún un ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ láàárọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mi ò wọlé.

Ẹnì kan tún wà ní kílíníìkì náà tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Òun ló jẹ́ kí àbúrò mi jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù kó má ṣubú níwájú oníbàárà ló ń bà á. Wọ́n kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá gbé e, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣíbí sí i lẹ́nu.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń ké "àwọn oníwárápá dà?" láàárín èrò. Kí wọ́n jọ̀wọ́ jáwọ́ nínú ìyẹn, kí wọ́n máa pe orúkọ. Sertraline náà kì í wà nígbà míì, a ó máa wá a káàkiri ìta.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ débẹ̀ kí aago 7 tó lù, kí ẹ sì kó gbogbo páálí oògùn aláìsàn yín dání. Wọ́n máa ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.