Okùn Ara Aṣọ Spider-Man: Kàtúùnù Wo Ló Ṣe É Dáadáa Jù?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kàtúùnù Spider-Man kan dáa, aṣọ ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Steve Ditko, tó ya aṣọ náà fún ìwé àwòrán lọ́dún 1962, fi okùn aláǹtakùn wẹ́wẹ́ bo ìbòjú, àyà, ọwọ́ àti bàtà rẹ̀. Nínú ìwé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ayàwòrán máa fa ìlà wọ̀nyẹn fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kàtúùnù ò rí bẹ́ẹ̀. Fírémù 24, ìyẹn àwòrán tó ń tẹ̀léra, ló ń kọjá lójú wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kódà bí wọ́n bá fi àwòrán kan gba fírémù méjì, àwòrán 12 ṣì ni wọ́n máa yà, okùn orí gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bára mu. Owó ń lọ, ọjọ́ ń lọ. Nítorí náà, gbogbo iléeṣẹ́ tó ti fọwọ́ ya Spider-Man ló ti yan ọ̀kan: kí wọ́n ya okùn náà tán, kí ọmọkùnrin náà sì gan bí igi, tàbí kí wọ́n dín ìlà kù kó lè fò bó ṣe yẹ. Ohun tí wọ́n yàn, àti ohun tí wọ́n fi èrè ibẹ̀ ṣe, la fi máa wọ̀n wọ́n níbí.

Ti 1967 ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. Ìkànnì ABC ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde, apá 52 ni títí di 1970. Owó tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Grantray-Lawrence tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì yọ okùn kúrò lórí èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ náà. Orí ìbòjú, ìbọ̀wọ́ àti bàtà nìkan ni wọ́n fi í sí. Síbẹ̀, kò tó. Ẹ máa rí àwòrán kan náà tó fi ń fò láàárín ilé gíga léraléra nínú apá kan ṣoṣo, okùn tó dì mú á sì nà ré kọjá òrùlé, kò so mọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn sáà kìíní, Grantray-Lawrence kógbá sílé. Krantz Films gbà á, Ralph Bakshi sì ń bójú tó iṣẹ́ náà. Owó tún wá dín sí i. Nínú apá tó ń jẹ́ "Revolt in the Fifth Dimension", inú kàtúùnù mìíràn, Rocket Robin Hood, ni wọ́n ti kó àwòrán wá, tí wọ́n ti Spider-Man sí àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú sánmà tí wọ́n kùn láyé ìgbà Bakshi, aláwọ̀ ewé tó dàpọ̀ mọ́ elésè àlùkò, rẹwà gan-an, ó sì yẹ kí ayàwòrán tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ wò ó. Fún àwa yòókù, apá méjì tàbí mẹ́ta nínú sáà kìíní tó, kí ẹ fi gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Inú sáà kejì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ bí Peter Parker ṣe di Spider-Man, torí náà ẹni tí kò mọ ìtàn náà rárá kò gbọdọ̀ fi eléyìí bẹ̀rẹ̀.

Spider-Man and His Amazing Friends ti 1981 kò ní gbà wá lákòókò. Apá 24 ni, fún àwọn ọmọ kékeré. Ohun tó fi sílẹ̀ ni Firestar, ọmọbìnrin oníná tí wọ́n dá sílẹ̀ fún kàtúùnù náà nítorí pé wọn kò rí ẹ̀tọ́ gbà láti lo Human Torch, akọni oníná inú ìwé àwòrán. Ó padà wọnú ìwé àwòrán, ó sì wà níbẹ̀ dòní.

Ti Fox Kids, ètò àwọn ọmọdé lórí ìkànnì Fox ní Amẹ́ríkà, ló gba àlàyé. Láti 1994 dé 1998 ló fi jáde, apá 65, John Semper ló sì ń darí ìtàn rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ya okùn náà tán: ìbòjú, àyà, ọwọ́, gbogbo rẹ̀. Bí Spider-Man bá dúró lórí òrùlé, ẹ ò ní fẹ́ gbójú kúrò. Ìgbà tó bá gbéra ni wàhálà bẹ̀rẹ̀: apá àti ẹsẹ̀ a gan, ìjà a sì di àwòrán kúkúrú kúkúrú tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Bí sáà ṣe ń gorí sáà, wọ́n ń gé àwòrán àtijọ́ wọnú apá tuntun, débi pé ẹni tó ń wò wọ́n tẹ̀léra á mọ ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ kó tó dé.

Òfin ìkànnì náà tún di ẹrù kún ẹrù. Ìbọn tó ń tu iná aláwọ̀ jáde làwọn olè ń lò, kì í ṣe ìbọn ọlọ́ta. Morbius tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń mu nínú ìwé kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀jẹ̀. "Plasma" ló ń pè é, àtẹ́lẹwọ́ tó ní ihò ló sì fi ń fà á, kì í ṣe eyín. Nígbà tí Green Goblin, ọ̀tá Spider-Man, ju Mary Jane, ọmọbìnrin tí Peter fẹ́ràn, sílẹ̀ lórí afárá, kò kú, inú ihò ayé mìíràn ló já sí.

Kí ló wá dé tí a ṣì ń dámọ̀ràn rẹ̀? Ìtàn rẹ̀ ni. Sáà kejì, "Neogenic Nightmare", jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo tó gba apá 14: ara Peter ń yí padà, ọwọ́ mẹ́rin mìíràn hù jáde ní ìhà rẹ̀, ó sì di ẹranko pátápátá kó tó rí ìwòsàn. Ní 1995, kàtúùnù àwọn ọmọdé tó ń so ìtàn gùn báyìí kò wọ́pọ̀. Ẹ fi apá mẹ́ta "The Alien Costume" nínú sáà kìíní bẹ̀rẹ̀. Aṣọ dúdú tó wọ̀ níbẹ̀ kò ní okùn kankan lára, bó sì ṣe ń rìn nínú rẹ̀ dẹ̀ ju ti aṣọ pupa lọ. Ẹ ó fojú ara yín rí ohun tí à ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti dé sáà kejì, ẹ má fo apá kankan. Kí ẹ sì ti mọ̀ pé ó parí láìjẹ́ pé Peter rí Mary Jane gidi tó ń wá. Gbogbo rẹ̀ á gbà yín ní wákàtí 23 tàbí 24.

MTV ṣe tiwọn lọ́dún 2003, apá 13 péré, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ṣe é. Kọ̀ǹpútà kì í ṣàárẹ̀ okùn yíyà, torí náà okùn pé, fífò sì dán. Ojú àwọn ènìyàn ni kò rí bó ṣe yẹ: kò sí ìlà tó ń fi ìbẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ hàn.

The Spectacular Spider-Man, 2008 sí 2009, ló borí nínú gbogbo ti tẹlifíṣọ̀n. Greg Weisman àti Victor Cook ló ṣe é, Sean Galloway ló ya àwòrán àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Galloway gé ìlà dànù: ojú ńlá, apá tín-ín-rín, ara tí kò ní iṣan wẹ́wẹ́. Àwọn kan kọ́kọ́ sọ pé ó jọ tàwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ ní sùúrù títí ìjà àkọ́kọ́ á fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo owó tí wọn kò ná sórí ìlà ni wọ́n ná sórí ìrìn. Ọmọkùnrin náà ń tàkìtì, ó ń yí po lójú òfuurufú, ó ń ti ara ògiri kan bọ́ sí òmíràn láìdúró, ẹ sì máa mọ ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan so mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí aláǹtakùn bá fẹ́ báni jà, okùn ní í ta síni lára. Kàtúùnù yìí gbà wọ́n gbọ́. Spider-Man ibí kì í fi ẹ̀ṣẹ́ nìkan ṣẹ́gun. Ó ń ronú. Awọ tó lẹ̀ mọ́ Rhino, ọ̀kan lára àwọn ọ̀tá rẹ̀, kò jẹ́ kó làágùn àfi lójú, torí náà ó fà á lọ síbi tí páìpù oru gbígbóná wà, ooru sì gbé e dè.

Bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀tá sílẹ̀ tún dára ju gbogbo ohun tó ṣáájú lọ. Olè kéékèèké méjì, Flint Marko àti Alex O'Hirn, ni Spider-Man ń mú láti apá àkọ́kọ́. Nígbà tó yá ni wọ́n wá di Sandman àti Rhino, torí pé Tombstone, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn, ń wá alágbára tó máa gba gbogbo àkókò Spider-Man kí olè tirẹ̀ lè ráyè ṣiṣẹ́. Eddie Brock náà, ọ̀rẹ́ Peter ni nínú iléeṣẹ́ ìwádìí kó tó di Venom, torí náà ìkórìíra rẹ̀ dùn wá dọ́kàn. Peter fúnra rẹ̀ ń du owó ilé pẹ̀lú Aunt May tó tọ́ ọ dàgbà, ó ń ta fọ́tò fún ìwé ìròyìn Daily Bugle, ó sì ní aago tó gbọ́dọ̀ fi wọlé lálẹ́. Ìṣòro aago yẹn ń dun ọmọ iléèwé ju ìṣòro Goblin lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Apá 26 ni, nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ohun tó dùn wá jù nípa rẹ̀ ni pé wọ́n gé e kúrú: ẹ̀tọ́ kàtúùnù tẹlifíṣọ̀n kúrò lọ́wọ́ Sony, Disney ra Marvel, iléeṣẹ́ tó ni Spider-Man, lọ́dún 2009, ètò tuntun sì dé. Apá tó kẹ́yìn fi ọ̀rọ̀ Gwen àti Harry, àwọn ọ̀rẹ́ Peter, sílẹ̀ láìyanjú.

Ètò tuntun náà ni Ultimate Spider-Man, 2012 sí 2017, apá 104. Níbí, Nick Fury, ọ̀gá àwọn amí, gba Peter síṣẹ́, ó sì fi àwọn ọ̀dọ́ akọni mẹ́rin, Nova, Power Man, Iron Fist àti White Tiger tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣe àwòrán. Ìjà á ti gbóná tán, Peter á dá gbogbo rẹ̀ dúró, á kọjú sí wa, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwàdà. Ọmọ ọdún mẹ́fà máa rẹ́rìn-ín. Àgbà máa sú. Ẹ mú apá mẹ́rin "The Spider-Verse" nínú sáà kẹta, níbi tí Donald Glover ti fi ohùn ṣe Miles Morales, ọ̀dọ́ mìíràn tó jẹ́ Spider-Man, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Marvel's Spider-Man tó tẹ̀ lé e ní 2017, apá 58, fẹ́ràn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ pẹlẹbẹ, ìjà rẹ̀ ò sì wọni lára.

Your Friendly Neighborhood Spider-Man ti Disney+, January 2025, padà sọ́dọ̀ Ditko: kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ìlà dúdú àti àwọ̀ ìwé àtijọ́ bò. Apá 10 ni sáà kìíní. Norman Osborn, ẹni tó di Green Goblin nínú ìwé àwòrán, ló di ọ̀gá àti olùtọ́sọ́nà Peter, ẹ̀rù sì ń bani láti rí ìfẹ́ tí ọmọ náà ní sí i. Ìtàn Lonnie Lincoln, ọmọ dáadáa tí àdúgbò fà wọnú ẹgbẹ́ jàǹdùkú, lágbára ju ti Peter lọ. Ìrìn ni kò tíì dẹ̀. Lójú ìjà kan, ara wọn ń ta kìjí.

Ní ti sinimá, Into the Spider-Verse ti 2018 yanjú ọ̀rọ̀ ìlà àti ìrìn lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò ronú kàn. Nígbà tí Miles ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò nínú igbó, àwòrán 12 ni wọ́n lò fún un láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì lo 24 fún Peter tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń kọsẹ̀ lójú wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Across the Spider-Verse ti 2023 gba ìṣẹ́jú 140, ó sì dá dúró láàárín ìtàn. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú.

Ẹ má wo méjèèjì títí ẹ ó fi tún tẹlifíṣọ̀n yín ṣe. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun ń dá fírémù tí kò sí níbẹ̀ sílẹ̀ kí àwòrán lè máa yọ̀, ìyẹn sì ń pa ìyàtọ̀ 12 àti 24 yẹn rẹ́ pátápátá. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Picture, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Auto Motion Plus tàbí Picture Clarity sí lórí Samsung, TruMotion lórí LG, Motionflow lórí Sony, kí ẹ sì pa á. Fún ti 1967 àti 1994, ìwọ̀n 4:3 ni kí ẹ fi í sí. Bí ẹ bá fà á kún ojú tẹlifíṣọ̀n, Spider-Man á sanra, okùn aṣọ rẹ̀ á sì wọ́.