Agogo Tòmátì Tó Wà Lórí Tábìlì Ìgéṣọ Mi

Ó di ọdún 14 báyìí tí mo ti ṣe fírídọ̀mù, tí mo sì ń dá ránṣọ ní Apátá, n'Ìbàdàn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí oníbàárà lè sọ sí mi, kò sí èyí tó ń dùn mí tó "Ẹ̀yin télọ̀, irọ́ yín pọ̀ jù." Mi ò jókòó pète irọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí mo bá ní "Ẹ wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀ mà," tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ á wá dé, wọn á bá aṣọ nínú ọ̀rá bí wọ́n ṣe gbé e wá, àlùmọ́gàjí ò tíì kàn án.

Àárọ̀ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ yìí dójú ẹ̀. Ìyàwó tuntun jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní aago méje kọjá, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an. Mo ń fọwọ́ gán sípù mọ́ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó ń sunkún, àtíkè ojú rẹ̀ ń ṣàn. Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò bú mi, kò sì bá mi sọ nǹkan kan. Wọ́n ṣáà bá ètò náà. Àmọ́ ojú tí màmá yẹn fi wò mí, mo gbé e sùn, mo gbé e jí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ra agogo tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó sì ti lé ní ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń lo irú rẹ̀.

Agogo ìdáná ni, irú èyí tí àwọn tó ń yan kéèkì máa ń lò. Ike pupa ni, ó rí roboto bíi tòmátì, ó ní ewé tútù lórí, wọ́n sì to nọ́ńbà ìṣẹ́jú yí i ká, láti òdo títí dé 55. Kò ní bátìrì, kò ní wáyà. Sípíríìngì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ó fọwọ́ yí ìlàjì rẹ̀ tó wà lókè dé iye ìṣẹ́jú tí ẹ bá fẹ́, á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, á máa padà díẹ̀díẹ̀, tó bá dé òdo á lu gbiríìn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. ₦4,500 ni mo rà á lọ́wọ́ màmá kan tó ń ta ìkòkò àti ṣíbí ní Dùgbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ló là mí lóye bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọkùnrin ará Ítálì kan, Francesco Cirillo, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí ìwé kíkà sì ń sú u. Ó bi ara rẹ̀ bóyá òun lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré kàwé ní tòótọ́, ó wá mú agogo ìdáná tó rí bíi tòmátì láti fi ṣọ́ ara rẹ̀. Pomodoro ni wọ́n ń pe tòmátì lédè wọn, orúkọ yẹn náà ló sì fún ọ̀nà iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde. Ẹ ó yan iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ ó yí agogo sí ìṣẹ́jú 25, ẹ ò ní ṣe ohun mìíràn títí á fi dún. Ẹ ó fa àmì kan sínú ìwé, ẹ ó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí àmì bá ti pé mẹ́rin, ẹ ó sinmi tó pọ̀ díẹ̀, ìṣẹ́jú 15 sí 30.

Òfin kan wà nínú rẹ̀ tó mú mi lọ́kàn ju ìṣẹ́jú 25 lọ. Kò sí ìdajì. Bí nǹkan bá wọlé sí yín lára, yálà ẹnìkan ló pè yín tàbí ọkàn yín ló rántí ohun mìíràn, ẹ ó kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ ohun tí kò ṣeé sún síwájú rárá, ẹ dìde, àmọ́ ìṣẹ́jú 25 yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ò ní fa àmì fún un. Tí ẹ bá padà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ tuntun.

Mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú ti orí fóònù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Forest sórí fóònù fún mi: bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, igi kan á máa hù lójú fóònù, bó bá kúrò níbẹ̀ kí àkókò tó pé, igi náà á kú. Ó wù mí láti máa wò ó, mo sì gbà pé ó dáa fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lè pa fóònù tì sápá kan. Iṣẹ́ tèmi ni kò jẹ́ kó bá mi mu. Fóònù ni ilẹ̀kùn kejì ṣọ́ọ̀bù mi. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń fi sítáìlì ránṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó hàn mí, ibẹ̀ náà ni mo kọ ìwọ̀n àyà àti ìdí àwọn èèyàn sí. Bí mo bá gbé e láti wo iye ìṣẹ́jú tó kù, mo ti rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì mẹ́ta kí n tó gbé e sílẹ̀. Agogo tòmátì ò ní mẹ́sẹ́ẹ̀jì. Tí iná bá lọ, mọṣíìnì alẹ́sẹ̀ mi ń ṣiṣẹ́ lọ, òun náà ń ṣiṣẹ́ lọ, a ò jọ wá jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo tì í ní aago méje alẹ́. Wákàtí 11. Ẹ̀yìn ń ro mí, ọrùn ń dùn mí, bí ẹnìkan bá bi mí, máa ní mo ránṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ṣí ìwé, mo ka àmì tí mo fà. Mẹ́sàn-án. Mo ní bóyá mo gbàgbé láti fa òmíràn, mo tún un kà. Mẹ́sàn-án náà ni. Ìṣẹ́jú 25 lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45. Mo jókòó sórí àga ìránṣọ fún ìgbà díẹ̀, mi ò lè dìde.

Níbo ni ìyókù wà? Ó wà lójú ìwé kejì, níbi tí mo ń kọ ohun tó ń wọlé sí mi lára sí. Mo kọ 31. Oníbàárà tó wá díwọ̀n. Èyí tó wá wo bí aṣọ ṣe ń lọ. Ìyá Ìbejì tó ń ta próófíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó wá ṣẹ́ owó. Òwú àwọ̀ wáìnì tó tán, tí mo fẹsẹ̀ rìn lọ rà. Ọmọ iṣẹ́ tó gé apá òdìkejì. Ọmọ tèmi tí mo lọ mú nílé ìwé. Ìpè, ìpè, ìpè. Nígbà tí mo wò wọ́n dáadáa, mo rí i pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ìranù. Ẹni tó wá díwọ̀n, iṣẹ́ ni. Kíkọ́ ọmọ iṣẹ́, iṣẹ́ ni, òbí wọn ló fi wọ́n sọ́wọ́ mi. Àṣìṣe mi ni pé mo ti ń ṣèlérí fún àwọn èèyàn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá bí ẹni pé wákàtí 11 náà pátá ni mo fi ń wà lórí mọṣíìnì.

Nítorí náà ni mi ò ṣe lè sọ pé agogo yìí mú mi yára. Ọwọ́ mi ò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó jẹ́ kí n mọ bí ọjọ́ mi ṣe tóbi tó, pẹ̀lú bí aṣọ kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn oṣù méjì tí mo ti ń fa àmì, mo mọ̀ pé ìró àti bùbá àǹkárá, àti gígé àti rírán, àmì mẹ́rin ni. Bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin, márùn-ún. Gáùn léèsì tó ní láíníìnì, mẹ́sàn-án, ìyẹn odidi ọjọ́ kan fún mi. Aṣọ ìyàwó yẹn tó sọ mí di ẹni tí ń sunkún lóru, 22 ni irú rẹ̀ ń gbà, mo sì ti gba òun àti aṣọ mẹ́fà mìíràn pọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Kò sí bí ì bá ṣe ṣeé ṣe.

Díẹ̀ ni mo tún ṣe lára ìlò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 kéré fún gígé aṣọ òkè tàbí léèsì olówó ńlá. Mi ò lè fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ láàárín aṣọ ẹlẹ́gbẹ̀rún lọ́nà igba náírà nítorí pé agogo dún, nítorí náà mo máa ń yí i sí 50 tí mo bá fẹ́ gé irú ìyẹn, mo sì ń kà á ní àmì méjì. Mo sì sọ ọ́ di mímọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé nígbà tí agogo bá ń dún kẹ́-kẹ́, àgbà inú wọn ni kó dá ẹni tó bá wọlé lóhùn: "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó, Àǹtí ń bọ̀ láìpẹ́." Àwọn àgbàlagbà kan kọ́kọ́ bínú. Fún irú wọn, mo máa ń dìde, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, kí àmì náà bàjẹ́ tó bá fẹ́ bàjẹ́. Ẹni tó tó ìyá mi ò gbọdọ̀ jókòó máa wo ẹ̀yìn orí mi.

Mo fi agogo náà síwájú ọmọ iṣẹ́ kan rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ó rò pé ìdíje ni. Ó ń sáré kó lè parí kó tó dún, ó rán ọrùn bùbá wọ́, a sì tú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ò nílò ohun tó ń dún sí i létí. Mo mú un kúrò níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àléébù ti agogo fúnra rẹ̀. Ẹ má yí i sí 25 tààrà. Ẹ kọ́kọ́ yí i dé òpin, kí sípíríìngì lè fún dáadáa, kí ẹ tó dá a padà. Mi ò mọ èyí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Kì í pé géérégé: ìṣẹ́jú kan lè lé tàbí kó dín, kò sì pa aṣọ rírán lára, àmọ́ ẹni tó ń díwọ̀n oògùn kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e. Gbiríìn rẹ̀ kì í dún pẹ́. Tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké, mi ò ní gbọ́ ọ, àfi kí n máa wò ó. Kẹ́-kẹ́-kẹ́ rẹ̀ náà lè yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, ó ń rán mi létí pé mo ti bá ara mi ṣàdéhùn. Kò sì lálòpẹ́ tó bó ṣe yẹ. Oṣù 11 ni àkọ́kọ́ lò kí sípíríìngì rẹ̀ tó já. Oníṣẹ́ agogo tí mo gbé e fún tú u, ó wò ó, ó dá a padà fún mi, ó ní kò sí ohun tó ṣeé pààrọ̀ nínú rẹ̀.

Kí Iléyá tó kọjá tó dé, oníbàárà mi kan gbé léèsì aṣọ ẹbí wá, gáùn mẹ́jọ, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tẹ́lẹ̀, máa ti gbà á kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ṣí ìwé níwájú rẹ̀. Àmì 100 ni mo ní fún ọ̀sẹ̀ méjèèjì, 70 ti lọ sórí aṣọ àwọn ẹlòmíràn. Mo ní, "Mà, mẹ́ta ni mo lè rán tí ọkàn yín á fi balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí ẹ ó gbé márùn-ún lọ." Inú bí i, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, ó jáde. Ọjọ́ kejì ló gbé mẹ́ta padà wá. Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́rin, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà ní háńgà, mo ti lọ̀ wọ́n, mo pè é pé kó wá. Ó dé, ó gbé wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá bi mí pé ṣé mo lè kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún oṣù Kejìlá láti ìsinsìnyí.

Agogo pupa tó wà lórí tábìlì mi báyìí ni èkejì. Nígbà tí mo padà lọ rà á ní Dùgbẹ̀, méjì ni mo rà lẹ́ẹ̀kan náà, ₦9,500. Ọ̀kan ṣì wà nínú páálí rẹ̀, nínú dúrọ́ọ̀ mọṣíìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóbìnì.